Ẹni Tó Gba Epo Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará wa nínú Kristi, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Port Harcourt àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùgbé, ìwà òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé lórí, pàápàá jù lọ èyí tí owó tí a ń ná lójoojúmọ́ ń jẹ́rìí sí.

Àwọn baba wa wí pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Epo pupa ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ní ìlú tí a wà yìí, epo mìíràn ni òwe náà ń bá wí.

Láti ọdún 1965 ni ilé iṣẹ́ ìfọpo ti wà ní Alesa-Eleme, nítòsí wa. Síbẹ̀, àwọn kan ń fọ epo nínú igbó àti létí odò, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní kpo-fire. Wọn a dá ọ̀pá epo lu, wọn a fa epo rọ̀bì jáde, wọn a dà á sínú àgbá irin, wọn a sì dáná sí i nídìí. Ooru rẹ̀ yóò gba inú ọ̀pá tí omi ń mú tutù kọjá, yóò sì di bẹntiróòlù, kẹrosíìnì tàbí dísẹ́lì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń dà sílẹ̀ àti sínú odò.

Ní ìparí ọdún 2016 ni àwa ará Port Harcourt bẹ̀rẹ̀ sí rí eruku dúdú lórí aṣọ tí a sá, lórí ilẹ̀ ilé wa, àti nínú imú àwọn ọmọ wa. Iná àwọn ibi ìfọpo wọ̀nyí wà lára ohun tó fà á. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2022, ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ gbiná ní Abaezi, ní Ohaji-Egbema, Ìpínlẹ̀ Imo. Ó pa ènìyàn tó ju 100 lọ. Àwọn tó wá ra epo wà lára wọn.

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé: "Àlejò ni wá níhìn-ín. Àwa kọ́ ni a dá ọ̀pá lu." Òótọ́ ni pé ẹni tó rà láìmọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí i pé owó rẹ̀ kéré jọjọ sí ti ilé epo, pé òru ni wọ́n ń gbé e wá nínú kẹ́ẹ̀gì, tó sì pinnu pé òun kò ní béèrè, ó ti mọ̀.

Òfin keje kọ olè jíjà fún wa. Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì, tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní ọdún 1992, sì kọ́ wa pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn yóò pín nínú ẹ̀bi rẹ̀, àti pé a ní láti dá ohun tí a jí padà. Sákéù kò fi ẹnu nìkan ronú pìwà dà. Ó ṣèlérí ìlọ́po mẹ́rin.

A mọ̀ pé nǹkan le. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀pọ̀ ìdílé ni apá wọn kò ká a mọ́. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí a dín wákàtí tí ẹ̀rọ amúnáwá fi ń ṣiṣẹ́ kù. Kí aládùúgbò méjì pa owó pọ̀ ra epo tòótọ́. Ẹni tó ń ta epo burúkú yìí, kí ó fi í sílẹ̀, kí ó wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi nínú èrè rẹ̀ ran àwọn tí èéfín àti iná ti ṣe léṣe lọ́wọ́.

Nígbà tí a ń kúrò nílé, àwọn òbí wa ní kí a rántí ọmọ ẹni tí a jẹ́. Ọmọ Ọlọ́run ni wá nípa ìrìbọmi, ní ilé àti ní àjò. Ilẹ̀ tí a ń pè ní ti onílẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń mí. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó ń béèrè, àti ọwọ́ tó mọ́. Àmín.