Nígbà Tí Èémí Bá Kúrú: Ọ̀rọ̀ Lórí Ásímà àti Èéfín Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ èémí ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí àyà ọmọ yín máa ń dún bíi fèrè lóru, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti ìdí ààrò wúkọ́ wọlé. Àrùn méjì ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n jọra bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èkíní ni ásímà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ sémìísémìí. Èkejì ni dídí tí ọ̀nà èémí ń dí díẹ̀díẹ̀ nítorí èéfín àti sìgá, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní COPD.

Ẹ má ṣe rò pé àrùn àwọn ènìyàn díẹ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 262 ni ó ní ásímà káàkiri ayé, ó sì pa 455,000 nínú wọn lọ́dún náà. COPD ní tirẹ̀ pa ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìwádìí kan tí àwọn dókítà ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé bíi ènìyàn mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ni àmì ásímà wà lára wọn, èyí tí ó tó mílíọ̀nù 13. Àwọn tí dókítà ti sọ fún pé ásímà ni kò tó ìdajì wọn. Àwọn yòókù ń pè é ní òtútù àyà, wọ́n ń pè é ní ọyẹ́, àwọn mìíràn sì ń pè é ní iṣẹ́ ọ̀tá.

Ẹ fojú inú wo ọ̀nà èémí bí igi tí a dorí rẹ̀ kodò sínú àyà. Ìtí rẹ̀ wà ní ọ̀fun, ó pín sí méjì, ó tún yọ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ títí dé ibi tí atẹ́gùn ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tí ó ní ásímà, inú àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí máa ń wú, ó sì máa ń pọ́n bí ojú tí ata wọ̀. Wíwú yìí wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ara yá pàápàá. Nígbà tí eruku, èéfín, ọyẹ́, aáyán tàbí ọ̀fìnkìn bá wá kàn án, ẹran tí ó yí ọ̀nà náà ká yóò fún un pọ̀ bí ẹni fún ọrùn àpò, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò sì dí àlàfo tí ó kù. Mímí sínú á ṣòro, mímí síta á tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni àyà á bá bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè.

Wàyí o, ínhélà aláwọ̀ búlúù tí gbogbo ènìyàn mọ̀, èyí tí ó ní salbutamol nínú, ẹran tí ó fún ọ̀nà náà pọ̀ ni ó ń tú. Kò fọwọ́ kan wíwú náà rárá. Ẹni tí ó bá ń lò ó nìkan dà bí onílé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí ó ń gbé abọ́ sí abẹ́ ibi tí ó ń jò, tí ó ń da omi nù, tí ó sì ń sọ pé ilé òun gbẹ. Abọ́ dára, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ pe ẹni tí yóò gun òrùlé. Ẹni náà ni ínhélà kejì, èyí tí ó ní sítẹ́rọ́ìdì díẹ̀ nínú, bíi beclometasone tàbí budesonide. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń mú wíwú náà wálẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín pé kí ẹ máa fà á lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ ni, ara ìbáà yá, ara ìbáà má yá. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnu má baà fún funfun. Oríṣi kan tún wà tí ó da oògùn méjèèjì pọ̀ sínú agolo kan.

Èyí kì í ṣe oògùn àná. Láti 1969 ni salbutamol ti wà lọ́jà, beclometasone sì tẹ̀ lé e ní 1972. Ní 2019 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà fún gbogbo ayé, tí à ń pè ní GINA, là á mọ́lẹ̀ pé àgbàlagbà àti ọmọ tí ó ti pé ọdún 12 kò gbọdọ̀ máa lo irú ti búlúù náà nìkan mọ́. Bí ẹ bá ń fà á ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, tàbí tí ikọ́ ń jí yín lóru, òrùlé yín ń jò. Bí ẹ bá ń lo agolo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, ewu ti ń súnmọ́ ìtòsí.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ wí: owó ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline, tí ó ni Ventolin àti Seretide, kéde pé òun ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, iye owó ínhélà sì fò sókè ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí ó wá sọ́dọ̀ wa ni pé kí wọ́n máa béèrè orúkọ oògùn, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe oògùn kan náà, owó wọn sì lè mọ́wọ́ díẹ̀; ẹ ṣáà wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀. Mo ti rí ìdílé tí ó ná owó ínhélà oṣù mẹ́ta ní òru kan ṣoṣo.

Owó nìkan kọ́ ni ìdènà. Wọ́n ní ínhélà ń di bárakú. Ẹni tí ń lo awò ojú kí ó tó lè kàwé, ta ni ó sọ pé awò ti di bárakú fún un? Wọ́n ní ọmọbìnrin tí a bá ká a mọ́ lọ́wọ́ kò ní rí ọkọ fẹ́. Mo mọ ọ̀kan tí ó máa ń sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ fa tirẹ̀ kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ má baà rí i. Ọkọ tí a óò fẹ́ kí a má lè mí lójú rẹ̀, irú ọkọ wo nìyẹn? Ní ti orógbó, ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́ kí ó máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má fi rọ́pò oògùn. Epo pupa ni kí ẹ má ṣe rọ sí ọmọ tí ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu láéláé, nítorí ó lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àgbo ìtọ̀ màlúù náà, májèlé ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fín ínhélà sórí ahọ́n lásán. Ẹ mì ín, ẹ mí síta tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí fà á wọlé jẹ́jẹ́, kí ẹ sì dá èémí dúró títí ẹ óò fi ka ení dé ẹ̀wá. Ọmọdé kò lè ṣe èyí. Ní 1999, Dókítà Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, fi hàn pé ike 500 ml lásán ran àwọn ọmọ tí ásímà dìde sí lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ike olówó ńlá tí a ń rà fún iṣẹ́ náà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ike omi, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ gé ihò sí ìdí rẹ̀ tí yóò gba ẹnu ínhélà wẹ́kú, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí oògùn má yọ. Ọmọ yóò fi ẹnu ike sẹ́nu. Ẹ tẹ ínhélà lẹ́ẹ̀kan, kí ó mí wọlé mí jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú rẹ̀, kí ẹ tó tẹ òmíràn.

Bí ó bá dìde lójijì, ẹ mú aláìsàn jókòó, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ fún un ní búlúù lẹ́ẹ̀mẹrin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin bá kọjá tí kò rọlẹ̀, ẹ fún un ní mẹ́rin mìíràn, kí ẹ sì gbéra lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ máa fún un lọ́nà. Ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán, tí ètè rẹ̀ ń dúdú bí aró tàbí tí ó ń ṣe eérú, tí awọ àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí oorun ń gbé lọ, kò gbọdọ̀ dúró de ilẹ̀ mímọ́. Bí àyà tí ń fọn fèrè bá sì dákẹ́ lójijì, tí ara kò sì tíì rọ̀ ọ́, ẹ má dúpẹ́. Atẹ́gùn kò wọlé mọ́ ni.

Ẹ sọ fún oní-kẹ́míìsì pé ẹ ní ásímà kí ẹ tó ra oògùn ara ríro, nítorí aspirin àti ibuprofen máa ń ru ú sókè lára ẹlòmíràn. Propranolol tí a ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru léwu pẹ̀lú. Kọ́ìlì ẹ̀fọn ńkọ́? Ìwádìí kan ní 2003 fi hàn pé ẹyọ kan tí a sun tán nínú yàrá lè tú èéfín lẹ́búlẹ́bú tí ó tó ti sìgá 75 sí 137 síta. Àwọ̀n ẹ̀fọn dára jù ú lọ fíìfíì.

Èéfín yìí ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ àrùn kejì. Ẹni tí ó bá gba orí Afárá Kẹta ní Èkó kọjá yóò rí èéfín ẹja yíyan tí ń rú láti Mákòkó. Ìyá kan tí ó ti ń yan ẹja fún ọgbọ̀n ọdún wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Kò fa sìgá rí láyé rẹ̀. Láti ibùdókọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dúró mí, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti sọ fún un pé ọjọ́ orí ni. Kì í ṣe ọjọ́ orí. Nínú COPD, ọ̀nà èémí ń dí, àwọn àpò atẹ́gùn wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró sì ń já, èyí tí ó bá já kò tún so pọ̀ mọ́. Oògùn wà tí ń mú èémí rọrùn, ṣùgbọ́n kíkúrò nínú èéfín ni ó ń dín eré tí àrùn náà ń sá kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé èéfín ìdáná inú ilé fa ikú bíi mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020.

Ẹni tí ó bá lágbára gáàsì, bó ṣe sílíńdà kékeré, kí ó lọ rà á. Ẹni tí kò bá lágbára rẹ̀, kí ó dáná síta, kí ó lo igi tí ó gbẹ dáadáa, kí ó dé ìkòkò kí oúnjẹ lè tètè jinná, kí ó sì sọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ba ààrò. Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn, èéfín tí ìyá ń fà ni òun náà ń fà.

Bí ikọ́ bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò nítorí ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ń tọ́jú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ikọ́ ife, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn gbé oògùn ikọ́ olómi lé yín lọ́wọ́. Ẹ béèrè ẹ̀rọ tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí tí ó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró. Ó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ ó kàn mí kanlẹ̀, ẹ ó fẹ́ ẹ síta tagbára-tagbára. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀.