Kí Ló Dé Tí Iléyá Ń Rìn, Tí Kérésì Dúró Sójú Kan?

Iṣẹ́ olùkọ́ ní ìyọnu tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, nígbà tí ìsinmi ìparí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ń kọ ọjọ́ tí a óò wọlé padà sójú pátákó nígbà tí ọmọbìnrin kan dìde nínú kíláàsì mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí Kérésì kì í kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n tí Iléyá máa ń rìn káàkiri inú ọdún?" Kí n tó la ẹnu, ọmọkùnrin kan ti dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé ìjọba ló ń gbé e kiri. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo jókòó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òtítọ́, pàápàá fún àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà láàrin Ìkẹjà àti Agége, níbi tí fèrè ilé-iṣẹ́ ti máa ń jí ènìyàn ṣáájú àkùkọ.

Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kejì nìyí. Òṣùpá ni àwọn Mùsùlùmí fi ń ka oṣù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìkà ọdún wọn láti ọdún 622, tí Ànábì Muhammad ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Oṣù méjìlá tí a bá fi òṣùpá kà jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354, bẹ́ẹ̀ ni ọdún tí a fi oòrùn kà jẹ́ ọjọ́ 365. Ọjọ́ 11 tó wà láàrin wọn ló ń mú kí Ìtúnnú Àwẹ̀ àti Iléyá tètè dé ju ti èṣí lọ. Bí ó bá fi máa tó nǹkan bí ọdún 33, wọn yóò ti yí gbogbo ọdún po, wọn yóò sì padà síbi tí wọ́n ti gbéra. Èmi tí mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo ti bá ọdún àwọn Mùsùlùmí pàdé nínú òjò, mo ti bá a pàdé nínú ooru, mo sì ti bá a pàdé nínú ọyẹ́. Ní ọdún 2006, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣe Iléyá: ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù Kìíní, ẹ̀ẹ̀kan ní ìparí oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ra àgbò méjì lọ́dún kan ṣoṣo kò lè gbàgbé bọ̀rọ̀.

Ṣé Kérésì wá dúró sójú kan nítorí pé Bíbélì sọ ọjọ́ rẹ̀ ni? Rárá o. Ẹ yẹ ìwé Mátíù wò, ẹ yẹ ti Lúùkù wò, ẹ kò ní rí ọjọ́ tàbí oṣù tí a bí Jésù níbẹ̀. Inú ìwé kan tí wọ́n kọ ní Róòmù ní ọdún 354 ni a ti rí i kà pé ní ọdún 336, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ni wọ́n fi ṣe àjọ̀dún ìbí Olúwa. Kí ìsìn Krístì tó gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn ará Róòmù ti ń ṣe ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Saturnalia nínú oṣù Kejìlá kan náà. Ọ̀gá a máa gbé oúnjẹ fún ẹrú, ará ilé a máa fún ara wọn lẹ́bùn, wọ́n a sì máa ta tẹ́tẹ́ láìsí ẹni tó ń mú wọn. Àkókò náà ni ọ̀sán kúrú jù lọ́dọ̀ wọn, tí òtútù mú, tí iṣẹ́ oko sì ti dáwọ́ dúró. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti yá ọjọ́ náà tàbí ibòmíràn. N kò ní dá sí ìjà wọn.

Kì í sì í ṣe gbogbo Krístẹ́nì ló gbà fún ọjọ́ 25. Àwọn ará Ethiopia àti àwọn ìjọ àtijọ́ ní Íjíbítì, ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ni tiwọn máa ń bọ́ sí, nítorí pé wọn kò tẹ̀lé àtúnṣe tí Póòpù Gregory XIII ṣe sí kàlẹ́ńdà ní ọdún 1582. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn onísìn líle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fòfin de Kérésì ní ọdún 1647. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tó tẹ̀dó sí Massachusetts ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1659 títí di 1681, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ á san ṣílè márùn-ún. Ẹ ò rí nǹkan!

Àjíǹde pàápàá ń rìn, òṣùpá ló sì ń tì í. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní ọdún 325 ló fẹ́ kí gbogbo ìjọ máa ṣe é ní ọjọ́ Ìsinmi kan náà. Àṣà tí a sì ń tẹ̀lé ni pé kí ó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí òṣùpá bá kún, láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta lọ. Ní Èkó, àwọn ọmọ Àgùdà tí àwọn baba wọn ti Brazil bọ̀ ló kọ́ wa láti máa jẹ fùrẹ́jọ̀n, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde.

Àwa náà ní tiwa kí àwọn méjèèjì tó dé. Iṣu tuntun kì í dúró de kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni. Òṣogbo ń bọ Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ nínú òjò. Ní ọdún 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà fi ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ sílẹ̀ fún ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe. Àní Iléyá tó ti ilẹ̀ Lárúbáwá wá, orúkọ Yorùbá la fún un: ilé yá, ó tó àkókò láti lọ sílé. Ìjẹ̀bú-Òde sì fi Ojúde Ọba sí ọjọ́ kẹta rẹ̀, tí Mùsùlùmí, Krístẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe jọ ń gun ẹṣin.

Ṣùgbọ́n ilé kì í yá fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àfi bí ọ̀gá bá ní ó yá. Láti àwọn ọdún 1950 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti fi oko sílẹ̀ wá síbẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fèrè ka ọjọ́ dípò òjò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ti jẹ́ òtítọ́ nìyí. Sultan Ṣókótó á kéde òṣùpá lálẹ́, ìjọba á kéde ìsinmi, ẹni tí iṣẹ́ àárọ̀ kàn lọ́la kò sì ní mọ̀ bóyá kí òun wọ agbádá tàbí kí òun wọ aṣọ iṣẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ gan-an ni ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún. Ní ọdún 1886 ni àwọn òṣìṣẹ́ Chicago àti àwọn ìlú Amẹ́ríkà mìíràn dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wákàtí mẹ́jọ ti tó fún iṣẹ́ ojúmọ́ kan. Ó di ọdún 1981 kí ó tó di ìsinmi fún gbogbo Nàìjíríà.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni a ń gbé ní Agége, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ilé ìdáná kan, ilé ìwẹ̀ kan. Mùsùlùmí ni bàbá onílé. Àwa wá láti Èkìtì, ọmọ ìjọ ni wá. Ará Ìgbò kan wà ní yàrá ìkángun, Ẹ̀gùn kan wà lẹ́bàá ọ̀nà. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ẹni tó bá ń ṣe ọdún ló ń bu oúnjẹ fún ojúlé yòókù, a kì í sì í dá abọ́ padà lófìfo. Ní Iléyá oṣù Kẹta ọdún 2000, ìyá onílé bu ẹran àgbò fún ìyá mi nínú abọ́ tánganran kan tó ní òdòdó pupa nínú. Láti ìgbà náà ni abọ́ yẹn ti wà lórí pẹpẹ wa, ó ń retí Kérésì.

Ní ọdún náà, àwẹ̀ àti Kérésì ló pàdé. Ọjọ́ Ajé ni Kérésì, Ìtúnnú sì wà nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, gbogbo òṣìṣẹ́ ń retí owó oṣù pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti òróró tí wọ́n máa ń pín fún wọn. Wọ́n kó wọn jọ sẹ́nu géètì, ọ̀gá kékeré kan jáde, ó ní owó kò tíì jáde, kí wọ́n padà wá ní oṣù Kìíní. Ẹsẹ̀ ni bàbá mi fi rin láti Ìkẹjà wá sí Agége. Mo rántí eruku ọyẹ́ tó bo bàtà rẹ̀.

Ó ní, "A ò ní ṣe ọdún lọ́dún yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹ ní a ti lọ sí Èkìtì."

Ìyá mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, nínú ilé yìí? Tí ènìyàn kò lè wúkọ́ kí wọ́n má gbọ́ ní yàrá kẹwàá? Abọ́ Àlàájà ńkọ́?"

Bàbá mi kò dáhùn.

Ní òwúrọ̀ Kérésì a wọ aṣọ èṣí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a dé, òórùn ọbẹ̀ ará Ìgbò ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ti bu ìrẹsì yíká. Ìyá mi kò dáná. Ẹ̀wà kóńgò méjì ló kù nílé. Ó bó o, ó gbé e lọ lọ̀, ó sì jókòó tì í. Ojú ń tì mí débi pé n kò lè jáde bá ẹgbẹ́ mi ṣeré. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó gbé epo kaná. Bí wọ́n ti ń pe ìrun Mọ̀gàríbà báyìí ni ó da àkàrà gbígbóná sínú abọ́ olódòdó náà, ó po ògì sínú ìkòkò, ó ní kí n gbé e lọ.

Ìyá onílé ṣí i, ó ní, "Háà! Ẹni tó mọ ohun tí ikùn aláàwẹ̀ ń fẹ́ nìyí. Láti ọ̀sán ni ìrẹsì ti wà nílẹ̀, ó ti dì gbagidi." Bàbá onílé ránṣẹ́ pe bàbá mi kí ó wá bá wọn ṣínu. Ó kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó lọ. Mo rí i lórí bẹ́ǹṣì láàrin wọn, ó ń jẹ àkàrà ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ ẹni tó dín in. Òun náà kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti òwúrọ̀. Àwẹ̀ tirẹ̀ ni kò lórúkọ.

Nígbà tí wọ́n túnnu, abọ́ náà tún padà wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹran. Ní oṣù Kìíní, ìdajì owó ni wọ́n san. Kí ọdún 2001 tó parí, wọ́n ti dá bàbá mi dúró, a sì di ẹrù lọ sí Èkìtì ní kíákíá. Abọ́ wà nínú ẹrù.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ló rán mi létí. Ní Kérésì ọdún 2025, ìyá mi dín àkàrà sínú abọ́ náà, mo gbé e lọ sí Agége. Bàbá onílé ti kú. Ìyá onílé kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan etí abọ́ níbi tó ti fọ́ díẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ fi ń jẹun nínú abọ́ mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ àkàrà kan, ó da ìyókù sínú àwo mìíràn. Mo ní kí n máa lọ, kí n fi abọ́ sílẹ̀ fún wọn. Ó ní ta ló kọ́ mi pé a máa ń fi ọwọ́ òfìfo lọ sílé. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ó kó obì sínú rẹ̀. Obì mẹ́fà ni ìyá mi bá níbẹ̀ nígbà tí mo délé. Ó kó o jáde, ó fọ abọ́ náà, ó sì gbé e padà sórí pẹpẹ.