Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ta Ló Kọ Ìmọ̀ràn Ìlera Orí Fóònù Yín?

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2014, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba Nàìjíríà kan lóru: ẹ mu omi iyọ̀, ẹ tún fi wẹ̀, Ẹ̀bólà ò ní í ràn yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe é kílẹ̀ tó mọ́. Irọ́ ni! Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ti dèrò ọsibítù.

Ti omi iyọ̀ ṣì hàn gbangba. Èyí tó fara sin ni ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù tó ń sọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ fún aláboyún, torí nọ́ńbà máa ń jọ òótọ́ lójú. Ọjọ́ 280 ló ń kà láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀, ó sì gbà pé ọjọ́ 28 síra ni gbogbo obìnrin ń rí i. Ẹni tí tirẹ̀ ń gba ọjọ́ 35, ọjọ́ tó máa bá a pè yóò fi bí ọ̀sẹ̀ kan yá jù. Ẹni tó fojú bu ọjọ́, èsì àfojúbù ni yóò gbà. Scan ìbẹ̀rẹ̀ oyún ló ń tún irú èyí ṣe.

BMI, ìṣírò tó ń fi ìwọ̀n àti gíga èèyàn sọ bó ṣe sanra tó, náà ò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Bírikìlà tó ki pọ́pọ́ lè di ẹni tó sanra jù lójú rẹ̀.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé irú ẹ̀rọ ìṣírò bẹ́ẹ̀: ta ló ṣe é, ọdún wo? Bó bá ṣírò tán tó ń polówó oògùn tó ń dín ikùn kù, ọjà ni, ẹ jáde. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ WHO tàbí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ gbé fóònù lọ bá nọ́ọ̀sì ní ọsibítù LAUTECH tàbí ti Bowen; ará Ọ̀yọ́, ẹ lọ sí State Hospital, kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan mì.