Ìpàtẹ, Ojúlé àti Oníbodè: Àwọn Ọ̀rọ̀ fún Gbígbé Ìkànnì Kalẹ̀ Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà host, tí a ń lò fún ẹni tí ó gbé ìkànnì kalẹ̀ sórí ayélujára, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí atúmọ̀ bá gbé e wọ inú Yorùbá ní tààrà, 'agbàlejò' ni yóò pè é, iṣẹ́ náà yóò sì di 'ìgbàlejò'. Ṣùgbọ́n ta ni àlejò níbẹ̀? Nínú èrò Gẹ̀ẹ́sì, ìkànnì fúnra rẹ̀ ni àlejò, tí ó wọ̀ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Nígbà tí onílé bá gbé ìkànnì tirẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, nínú yàrá tirẹ̀, kò sí àlejò kankan títí òǹkàwé yóò fi dé. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ìṣe náà mu ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: ìpàtẹ. Obìnrin tí ó pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ àti èyí tí ó gba ìsọ̀ lọ́jà lè máa ta ọjà kan náà. Ibi tí wọ́n pàtẹ sí ni ó yàtọ̀, àti owó ìsọ̀. 'Ìpàtẹ ilé' ni ohun tí a ń sọ níhìn-ín.

Ẹ̀rọ tí a pàtẹ sórí rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní server. Bí a bá pè é ní 'olùpèsè', yóò dàrú mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè ayélujára fún ará ilé. 'Ẹ̀rọ ajẹ́pè' sàn jù, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó wà lójúfò, kí ó sì jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni tí ó bá pè é. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ìkànnì ni kọ̀ǹpútà tí Tim Berners-Lee lò ní CERN, ní Switzerland, ní ọdún 1990. Ìwé pélébé kan wà lára rẹ̀ tí ó kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lò mọ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ìkànnì kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkìlọ̀ CERN yẹn kò rọrùn láti pa mọ́ níbi tí iná mànàmáná bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀.

Ìṣòro gidi kò sí lára ẹ̀rọ. Ojú ọ̀nà ni ó wà. A ṣe ayélujára ilé fún ẹni tí ń jáde lọ béèrè, a kò ṣe é fún ẹni tí àwọn ènìyàn yóò máa wá bá nílé. Gbogbo ẹ̀rọ tí ó bá wà lórí ayélujára ní láti ní nọ́ḿbà tí a fi ń mọ ibi tí ó wà, 'ojúlé' ni ó sì yẹ kí a pè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe nọ́ḿbà ilé ládùúgbò. Ìlànà àtijọ́ tí ó ṣì gbilẹ̀, èyí tí ń jẹ́ IPv4, kò lè ní ju ojúlé 4,294,967,296 lọ, a sì ti pín èyí tí ó kù nínú àpò àgbáyé tán fún àwọn ẹkùn ayé ní oṣù Kejì ọdún 2011. Nítorí ọ̀wọ́n yìí, ojúlé kan ṣoṣo ni ilé kan sábà máa ń ní lójú ayé. Fóònù àti kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ a máa jẹ́ ojúlé abẹ́lé, bí 192.168.1.10, èyí tí àìmọye ilé mìíràn náà ń lò.

Àpótí kékeré tí ó so ilé mọ́ ayélujára ni oníbodè. Bí ará ilé bá jáde, oníbodè a kọ ọ́ sílẹ̀, kí èsì tí ó bá padà dé lè mọ yàrá tí yóò wọ̀. Ṣùgbọ́n bí àjèjì bá dé láìjẹ́ pé ará ilé kan ló ránṣẹ́ sí i, oníbodè kò mọ ẹni tí ó ń wá, a sì tì í sóde. Ẹni tí ó pàtẹ sílé gbọ́dọ̀ ti pàṣẹ fún un pé kí ó darí ẹnikẹ́ni tí ó bá kan ilẹ̀kùn 443 sí ojúlé abẹ́lé ti ẹ̀rọ ajẹ́pè.

'Ilẹ̀kùn' ni ó tọ́ fún port, kì í ṣe 'èbúté'. Gẹ̀ẹ́sì ní port tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, tí ó ti inú portus èdè Látìn wá. Ó sì ní èyí tí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà, tí ó ti inú porta wá. Ti porta ni ti kọ̀ǹpútà. Atúmọ̀ tí ó bá kọ 'èbúté' yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá ọkọ̀ níbi tí kò sí omi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń já kulẹ̀ ni bodè kejì. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká, tí ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ń gba ayélujára lọ́wọ́ wọn, sábà máa ń kó oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ ojúlé kan. 'Bodè àjọlò' ni èyí. Onílé lè pàṣẹ fún oníbodè tirẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní àṣẹ lórí oníbodè ìlú. Bí ojúlé tí oníbodè ilé gbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100, tí nọ́ḿbà tí ó tẹ̀ lé e sì wà láàárín 64 sí 127, ọ̀kan nínú àwọn ojúlé tí a yà sọ́tọ̀ fún bodè àjọlò ní ọdún 2012 ni. Ká ní olùkọ́ kan ní Òṣogbo fẹ́ pàtẹ oríkì tí ó ti fi ogún ọdún gbà sílẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé 'ìgbàlejò kò ṣeé ṣe', yóò rò pé ẹ̀rọ òun ni kò dára, yóò sì lọ fi owó ra òmíràn. Bí a bá sọ fún un pé bodè àjọlò ni ó wà lójú ọ̀nà, yóò mọ̀ pé ojúlé àdáni ni kí òun lọ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà.

Bí wọn kò bá fún un, ó lè háyà ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ní ojúlé tirẹ̀ níbòmíràn. Ẹ̀rọ ajẹ́pè inú ilé ni yóò jáde lọ bá a, tí yóò sì di ojú ọ̀nà náà mú ní ṣíṣí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ àháyà yìí ni òǹkàwé yóò máa gbà wọlé. Tunnel ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ètò yìí, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni gbẹ́. Alárinà ni ẹ̀rọ àháyà náà.

Ọ̀rọ̀ méjì kù tí kò gba àlàyé púpọ̀: 'àlọ' fún ohun tí ń jáde nílé, 'àbọ̀' fún ohun tí ń wọlé. Àbọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi polówó. Àlọ ni ìpàtẹ ilé ń ná. Ojú ìwé kan tí ó tó mẹ́gábáìtì 2 jẹ́ mẹ́gábíìtì 16. Bí àlọ bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú àáyá 4 ni òǹkàwé kan yóò fi dúró. Bí ènìyàn 10 bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 40.

Ìlànà tuntun, IPv6, ní ojúlé tó bẹ́ẹ̀ tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan nínú ilé lè ní tirẹ̀ lójú ayé. Níbi tí ó bá ti dé, oníbodè kò ní láti máa pààrọ̀ ojúlé fún ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣọ́ ẹnu bodè, a sì gbọ́dọ̀ sọ ilẹ̀kùn tí yóò ṣí fún un.