Ẹ kọ orúkọ ewé, kí ó má baà nù

Dassa-Zoumè, tí a tún ń pè ní Ìgbó Ìdáàṣà, ni àwọn ènìyàn mọ̀ sí ìlú òkè 41. Lórí àpáta irú òkè bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ewéko kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Afrotrilepis pilosa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ á gbẹ bí ẹni pé ó ti kú. Bí òjò bá rọ̀, ewé kan náà á tún tutù yọ̀yọ̀.

Bí ẹnì kan bá já a nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹlòmíràn sì já a nígbà òjò, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ọ̀kan náà ni? Àkọsílẹ̀ ni yóò sọ fún wa.

Ní Yunifásítì Abomey-Calavi, ilé kan wà tí wọ́n ń tọ́jú ewéko gbígbẹ sí, Herbier national du Bénin. Báyìí ni a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. A ó já ewéko pẹ̀lú òdòdó rẹ̀, a ó tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, a ó sì fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé líle. Ní igun ìwé náà, a ó kọ orúkọ ewéko, ibi tí a ti rí i, ọjọ́, àwọ̀ òdòdó, àti orúkọ ẹni tí ó já a. Òdòdó gbígbẹ a máa ṣá. Bí a kò bá kọ àwọ̀ rẹ̀, ó nù nìyẹn.

Irú iṣẹ́ yìí ni ó bí ìwé ńlá kan ní ọdún 2006, Flore analytique du Bénin, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Akoègninou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Irú ewéko 2.807 ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2004, wọ́n ti fún òdòdó kan láti òkè Atacora ní orúkọ: Thunbergia atacorensis. Àwọn onímọ̀ kò tíì kọ nípa rẹ̀ rí.

Iná ìgbẹ́ ń jó, a sì ń gé igi. Bí ewéko kan bá parẹ́ láìní àkọsílẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ó ti wà rí? Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ tí àwọn ìyá wa àgbà ń pe ewé: bí a kò bá kọ ọ́, wọn yóò gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, iṣẹ́ yín ti dé. Bí ẹ bá ka ìwé ìròyìn yìí tán, ẹ tẹ́ ewé kan sínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ orúkọ òkè, kí ẹ sì bi ìyá àgbà pé kí ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ewéko náà bá ku ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ má ṣe fà á tu.