Ìyá ń ṣọ́ ọmọ, bàbá ń ṣọ́ ọmọ, Gamalin ń pa wọ́n nínú odò!

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ṣé ẹ mọ ẹja tó ní àmì dúdú 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú odò Ògùn? Hemichromis fasciatus làwọn onímọ̀ ń pè é. Tó bá fẹ́ yé ẹyin, ara ẹ̀ á pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún. Tìyá-tibàbá ló jọ ń ṣọ́ ọmọ (bàbá míì nígboro ò tiẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ o!).

Àmọ́ àwọn apẹja kan nílẹ̀ wa ń da Gamalin, oògùn kòkòrò oko kòkó, sódò. Àtẹja ńlá àtọmọ wẹ́wẹ́ ló ń kú, ẹni tó rà á lọ́jà náà ń jẹ májèlé. Lọ́dún 2009, àdéhùn Stockholm ka lindane inú ẹ̀ mọ́ oògùn tó yẹ kí ayé pa tì.

Ní Òṣogbo, ta ló jẹ́ pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun? Èèwọ̀ ni! Yemọja ló sì ni odò Ògùn. Ṣé tiẹ̀ ò lówó lórí ni?