Kọ̀ǹténà Mi Fìdí Kalẹ̀ ní Ọbáńtokò

Nígbà tí wọ́n ní ká kúrò létí títì ní Pánṣẹ́kẹ, l'Ábẹ́òkúta, n kò ta kọ̀ǹténà tí mo ti ń ránṣọ. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sórí ilẹ̀ mi ní Ọbáńtokò. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó fẹ̀ ní 8, òfìfo rẹ̀ sì wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ.

Bíríkìlà ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó ní, “Màmá, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kọ̀ǹténà fi ń dúró, abẹ́ wọn ni òpó gbọ́dọ̀ wà.” Ó gbẹ́ ihò mẹ́rin. Méjì kan àpáta kíá, Abẹ́òkúta ṣáà ni. Ó gbẹ́ méjì yòókù títí ó fi kan ilẹ̀ líle. Ó da kọnkéré sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ri irin pẹlẹbẹ sórí wọn. Rọ́bà tí omi wà nínú rẹ̀ ló fi wò ó bóyá òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, torí bí igun kan bá rẹlẹ̀, ilẹ̀kùn lè má ṣeé tì mọ́.

Kọnkéré ń fẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 28 kí agbára rẹ̀ tó pé. A dúró. Lẹ́yìn náà ni kíréènì gbé kọ̀ǹténà dé, wẹ́dà sì jó o mọ́ irin. A fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ síbẹ̀, kó má baà tètè dógùn-ún.

Ní 1830, àwọn Ẹ̀gbá náà ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà, wọ́n tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ. Bí àwọn náà ṣe rí àpáta fìdí tì, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ wá ìpìlẹ̀ kí ẹ tó wá kíréènì.